Ọ̀dàlẹ̀: ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yọ nínú àdúrà Ẹtì Rere

Bí èèyàn bá pe ẹnìkejì ẹ̀ ní ọ̀lẹ, wọ́n lè fi ẹ̀rín parí ẹ̀. Bó bá pè é ní olè, àwọn àgbà á bá wọn dá sí i. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé orí ìran nìyẹn. Ọ̀dàlẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan, kì í sì í ṣe ẹni tí kò gbàgbọ́. Ó mọ̀ dáadáa. Ó ti bá èèyàn mulẹ̀ tán kó tó da ilẹ̀ ọ̀hún. Òun ni wọ́n ń bá wí tí wọ́n fi ní ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ.

Èdè Látìn ní ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn gan-an: perfidus. Fides ni ìgbàgbọ́, òun náà sì ni ìlérí téèyàn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Perfidus ni ẹni tó yẹ̀ ẹ́. Fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún, gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere ni àlùfáà Àgùdà ń dúró níwájú ìjọ tó ń kọ ọ́ lórin pé Oremus et pro perfidis Judaeis: ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún àwọn Júù ọ̀dàlẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ kan ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ àdúrà yẹn, “aláìgbàgbọ́” lásán ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ìjọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò gbọ́ Látìn ayé àtijọ́. Ìwé àdúrà tí wọ́n tẹ̀ fún un lédè tirẹ̀ ló ń kà, nínú ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé sì rèé, ọ̀dàlẹ̀ ló wà níbẹ̀ gbangba.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìlàjà láàárín Júù àti Kristẹni lónìí, àwòrán ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde: póòpù dì mọ́ rábì, bíṣọ́ọ̀bù dé fìlà pẹlẹbẹ nínú sínágọ́gù. Ní tèmi o, àwòrán ló kẹ́yìn. Ohun tó ṣiṣẹ́ náà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yọ, ìkúnlẹ̀ kan tí wọ́n dá padà, ìtumọ̀ kan tí wọ́n tún ṣe. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àdúrà lẹnu ọmọdé ń kọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n tó wá sọ ohun tó kàn wá níbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àdúrà Ẹtì Rere máa ń tẹ̀ léra ni: ti Ìjọ, ti póòpù, ti àwọn àlùfáà, ti àwọn tó ń múra ìrìbọmi, títí dé ti àwọn aládàámọ̀, ti àwọn Júù, àti ti àwọn kèfèrí. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlùfáà á kéde ẹni tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún, wọ́n á pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dìde, àlùfáà á sì kó àdúrà náà jọ. Bó bá wá kan ti àwọn Júù, kò sí ìkúnlẹ̀. Wọ́n á dúró gbagidi. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn Júù kúnlẹ̀ fún Jésù láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí náà Ìjọ kò ní kúnlẹ̀ fún wọn. Ẹ ṣí Mátíù 27:29, kí ẹ sì ṣí Máàkù 15:19. Ta ló kúnlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́? Àwọn ọmọ ogun gómìnà ni, àwọn ará Róòmù. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Róòmù ṣẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ Júù, lọ́dọọdún, nínú ilé Ọlọ́run. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ kò nílò àlàyé kankan lórí ohun tí dídúró gbagidi yẹn ń wí.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ríran rí i. Ní 1926, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Amici Israel, ìyẹn Ọ̀rẹ́ Ísírẹ́lì, bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù. Láàárín ọdún méjì, kádínálì tó tó 18, bíṣọ́ọ̀bù tó lé ní 270 àti àlùfáà nǹkan bí 3,000 ti wọ inú ẹ̀. Ohun tí wọ́n bèèrè kò pọ̀: ẹ yọ perfidis, ẹ dá ìkúnlẹ̀ padà. Ní oṣù Kẹta 1928, Fátíkàn tú ẹgbẹ́ náà ká. Nínú ìwé àṣẹ kan náà ni wọ́n ti dẹ́bi fún ìkórìíra àwọn Júù. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbá, ọwọ́ òsì ń dà á sílẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, Hitler gorí àlééfà.

Lẹ́yìn tí Násì ti pa Júù mílíọ̀nù mẹ́fà tán ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀. Ní 1948, Fátíkàn ní àwọn tó ń túmọ̀ àdúrà sí èdè ìbílẹ̀ lè lo “aláìgbàgbọ́” dípò ọ̀dàlẹ̀. Látìn kò yí padà. Ní 1955, Póòpù Pius Kejìlá dá ìkúnlẹ̀ padà. Ní Ẹtì Rere ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1959, Póòpù John Kẹtàlélógún yọ ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Ní Ẹtì Rere 1963, akọrin gbàgbé, ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Póòpù dá a dúró lójú gbogbo ìjọ, ó ní kó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni bàbá náà kú. Ẹni tó bá rò pé ìyípadà parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé, kó rántí akọrin yẹn. Ahọ́n ní ìrántí tirẹ̀.

Láàárín 1959 àti 1963 ni ọkùnrin Júù kan wá sí Róòmù. Jules Isaac ni orúkọ ẹ̀, òpìtàn ọmọ Faransé, ẹni tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé Faransé fi ìwé ẹ̀ kọ́ ìtàn. Àwọn Násì pa ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ obìnrin ní Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa Júù. Ohun tó fi ìyókù ayé ẹ̀ ṣe ni pé ó mú Bíbélì, ó mú ìwé katikísìmù, ó fi wọ́n síwájú ara wọn, ó ń tọ́ka sí ibi tí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ. Kókó 18 tó kó jọ báyìí wà lára ohun tí ìpàdé Seelisberg ní Switzerland fi ṣiṣẹ́ ní 1947, níbi tí Júù, Pùròtẹ́sítáǹtì àti Àgùdà ti jọ jókòó tí wọ́n sì ti gbé kókó 10 jáde fún àwọn oníwàásù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 1960, ní ẹni ọdún 82, ó bá John Kẹtàlélógún sọ̀rọ̀. Póòpù fi iṣẹ́ náà lé Kádínálì Augustin Bea lọ́wọ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1965 ni Ìgbìmọ̀ Fátíkàn Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà, fọwọ́ sí Nostra Aetate, ìwé tó sọ bí Ìjọ ṣe ń wo àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn, ìbò 2,221 sí 88. Ìpín kẹrin ìwé náà ní kò sí ẹni tó lè ka ikú Jésù sí gbogbo Júù ìgbà náà lọ́rùn láìyà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè kà á sí Júù òde òní lọ́rùn. Kí wọ́n má sì pè wọ́n ní ẹni ègún tàbí ẹni ìkọ̀sílẹ̀ mọ́.

Ní 1970 ni àdúrà náà wá dé ibi tó wà lónìí. Mo túmọ̀ ẹ̀ báyìí: ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún àwọn Júù, àwọn tí Olúwa Ọlọ́run wa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ síwájú nínú ìfẹ́ orúkọ rẹ̀ àti nínú ìṣòótọ́ sí májẹ̀mú rẹ̀. Ẹ tún un kà. Ìṣòótọ́ sí májẹ̀mú. Ìyẹn gan-an ni òdì kejì ọ̀dàlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàárín méjèèjì.

Ní Mainz, nílẹ̀ Jámánì, ní 1980, John Paul Kejì sọ ọ́ kedere: májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá wọn dá, Ọlọ́run kò fagi lé e rí. Orí Róòmù 11:29 ló dúró lé, èyí tí Bíbélì wa túmọ̀ sí “àìlábámọ̀ ni ẹ̀bùn àti ìpè Ọlọ́run.” Níbí yìí, èdè wa ti ṣe wá lóore kan tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí. Àwọn Òyìnbó ń pe apá àkọ́kọ́ Bíbélì ní májẹ̀mú tó ti gbó, bí aṣọ. Àwa ò pè é ní Májẹ̀mú Gbígbó. Májẹ̀mú Láéláé la pè é, “láéláé” sì ni ohun tó ti wà tipẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló jọ ohun tí kì í tán. Ẹni tó bá fẹ́ bá Júù sọ̀rọ̀ ní Yorùbá ti gba àga ìjókòó kó tó dé ibẹ̀.

Èyí kò wá sọ pé gbogbo ẹ̀ ti dára. Ní 2007, Benedict Kẹrìndínlógún gbà kí ẹni tó bá fẹ́ máa lo ìwé Mísà 1962, àdúrà àtijọ́ sì wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “ìfọ́jú” àti ìbòjú tó bo ọkàn wọn. Àwọn Júù pariwo. Ní oṣù Kejì 2008, póòpù fi àdúrà tuntun rọ́pò ẹ̀ fún àwọn tó ń lo ìwé àtijọ́ náà: ìfọ́jú kúrò, ṣùgbọ́n ó ní kí Ọlọ́run tan ìmọ́lẹ̀ sí ọkàn wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé Jésù ni Olùgbàlà gbogbo ayé. Àwọn rábì ilẹ̀ Ítálì kọ̀ láti bá Àgùdà ṣe Ọjọ́ Ìsìn Júù, èyí tí wọ́n jọ ń ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ní ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ Kristẹni kò lóye ìbínú yẹn. Ṣé a ò gbọ́dọ̀ gbàdúrà kí ẹni kẹ́ni mọ Jésù ni? Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún ṣe ń wò ó. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni àdúrà ìyípadà ẹ̀sìn fi ń bá idà rìn ní Yúróòpù: kí o rìbọmi, tàbí kí o fi ìlú sílẹ̀, tàbí kí o kú. Ní 1964, nígbà tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tún yọjú nínú àkọsílẹ̀ Nostra Aetate, Rábì Abraham Joshua Heschel ní bó bá jẹ́ ìyípadà tàbí ikú ni wọ́n fi lọ òun, òun á gba Auschwitz. Fún Júù, ìyípadà àti ìparun kò jìnnà síra. Ní 2015 ni ìgbìmọ̀ Fátíkàn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí wá kọ ọ́ pé Ìjọ Àgùdà kò dá iṣẹ́ míṣọ́nnárì kankan sílẹ̀ tó dojú kọ àwọn Júù, kò sì ṣàtìlẹ́yìn fún un.

Ní ti àwọn Áńgílíkà, ìwé àdúrà 1662, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ń lò nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, ní àdúrà Ẹtì Rere tó kó Júù, àwọn ará Tọ́ọ̀kì, aláìgbàgbọ́ àti aládàámọ̀ pọ̀ sójú kan, tó ní kí Ọlọ́run mú àìmọ̀kan àti líle àyà kúrò lára wọn. Ẹni tó bá ní ìwé àdúrà àtijọ́ ti bàbá ẹ̀ nílé, kó ṣí i wò. Ní 2019, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde tó jẹ́wọ́ ipa tí ẹ̀kọ́ Kristẹni kó nínú ìkórìíra Júù. Wọ́n ní kí Olórí Rábì Ephraim Mirvis kọ ọ̀rọ̀ ìparí sí i. Ó kọ ọ́ o: ó yìn wọ́n, ó wá sọ nínú ìwé tiwọn fúnra wọn pé ó dun òun pé wọn kò kọ iṣẹ́ míṣọ́nnárì sí Júù sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo fọ́tò lọ.

Lórí pẹpẹ ìwàásù

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Kò sí sínágọ́gù ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ṣùgbọ́n “àwọn Júù” wà lẹ́nu wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyìn Rere Jòhánù ló lo ọ̀rọ̀ náà jù, nǹkan bí 70 ìgbà; ìyókù kò lò ó ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Jòhánù 20:19 ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn “nítorí ìbẹ̀rù àwọn Júù.” Ta ló wà nínú yàrá? Pétérù, Jòhánù, gbogbo wọn. Júù ni gbogbo wọn. Bí èèyàn bá ní àwọn ọmọ Ìbàdàn ti ilẹ̀kùn torí ìbẹ̀rù àwọn ará Ìbàdàn, a máa bèèrè pé àwọn wo. Àwọn aṣáájú tó wà lórí oyè nígbà yẹn ni Jòhánù ń wí, torí náà lásìkò ìwàásù, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “àwọn aṣáájú Júù.” Àwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tuntun kan ti tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń ka Bíbélì sókè, kà á bó ṣe wà. Àlàyé rẹ ni kí o tún ṣe. Kí Jòhánù 4:22 sì má jìnnà sí ẹnu: ìgbàlà ti ọ̀dọ̀ àwọn Júù wá.

Èkejì ni Farisí. A ti sọ ọ́ di èébú: “Farisí ni ẹ́,” ìyẹn alágàbàgebè. Ìsìn Júù òde òní, tí àwọn rábì ń darí, ọ̀dọ̀ àwọn Farisí ló ti ṣẹ̀ wá. Bí o bá sọ ọ́ níwájú Júù, bàbá ẹ̀ lo bú. Àwọn Farisí ló sì wá ta Jésù lólobó nínú Lúùkù 13:31 pé Hẹ́rọ́dù fẹ́ pa á.

Eré Ẹtì Rere tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń ṣe ló léwu jù, torí ojú kì í gbàgbé. Oberammergau, abúlé kan ní gúúsù Jámánì, ti ń ṣe tirẹ̀ láti 1634, lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá. Hitler lọ wò ó ní 1930 àti 1934, ó sì yìn ín, ìyẹn nìkan tó láti mú èèyàn ronú. Láti ìgbà tí Christian Stückl ti di olùdarí ni wọ́n ti ń tún un kọ: fìlà oníwo tí àwọn àlùfáà Tẹ́ḿpìlì ń dé tẹ́lẹ̀ ti lọ, igbe “kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí wa, àti lórí àwọn ọmọ wa” ti kúrò, Jésù sì ń gbàdúrà ní èdè Hébérù bí ọmọ Júù tó jẹ́.

Tiyín náà lè rí bẹ́ẹ̀, kò ná owó. Aṣọ kan náà ni kí Jésù, Júdásì àti Káyáfà wọ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ funfun wọ Jésù, tí ẹ fi dúdú wọ ìyókù, ẹ ti sọ ta ni Júù, ta ni kì í ṣe Júù, láìla ẹnu. Kí ọmọ ogun Róòmù di ìṣó mú, kí wọ́n kàn án, kí ó hàn, torí àgbélébùú jẹ́ ìyà Róòmù. Bó bá kan ìyà Jésù, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí à ń kà lọ́jọ́ọ Sunday kò dárúkọ ẹlòmíràn ju Pọ́ńtíù Pílátù lọ. Ẹ má sọ Pílátù di aláàánú tí wọ́n fipá mú. Lúùkù 13:1 sọ irú ẹni tó jẹ́: ó po ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Gálílì mọ́ ẹbọ wọn. Kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń pariwo “kàn án mọ́ àgbélébùú” má ju bíi mẹ́wàá lọ, kí àwọn mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń sunkún, bó ṣe wà nínú Lúùkù 23:27. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ka gbólóhùn ẹ̀jẹ̀ Mátíù 27:25, ẹ má jẹ́ kí eré parí láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe Jésù ké “Baba, dárí jì wọ́n” sókè ketekete. Kókó kẹjọ nínú 10 Seelisberg nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ jọ jókòó

Àwọn ìjọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York ni abala yìí bá wí jù, torí sínágọ́gù lè wà ní òpópónà kejì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ń so Júù àti Kristẹni pọ̀ ti wà láti 1942, nígbà tí Olórí Rábì Joseph Hertz àti Àgbà Bíṣọ́ọ̀bù William Temple dá a sílẹ̀ láàárín ogun.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ Júù Ọ́tódọ́ọ̀sì, àwọn tó ń pa òfin àtijọ́ mọ́ gidigidi, ṣì ń tẹ̀ lé Rábì Joseph Soloveitchik, ẹni tó kọ ní 1964 pé kí Júù bá Kristẹni ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú, kí wọ́n má jọ ṣe àríyànjiyàn lórí ìgbàgbọ́. Bó bá jẹ́ ilé oúnjẹ aláìní tàbí ààbò àdúgbò lẹ fẹ́ jọ ṣe, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìjọ yín fẹ́ kí wọ́n gba Jésù, ẹ sọ òun náà kedere. Ẹni tó bá fi ìjíròrò bo ìwàásù mọ́lẹ̀ ti ba ti ẹlòmíràn jẹ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́ ló máa ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Wọ́n ń tan àbẹ́là ní ìṣẹ́jú 18 ṣáájú kí oòrùn wọ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kejìlá, oòrùn sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ó di alẹ́ Sátidé kí ìràwọ̀ mẹ́ta yọ kó tó parí. Oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá kún fún ọdún àti ààwẹ̀ wọn, ìgbà Ìrékọjá náà kò rọrùn. Oṣù Kọkànlá tàbí Kejì ló dára jù, ní alẹ́ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè. Gbọ̀ngàn ni kí ẹ lò, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì kì í wọ ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Ọkùnrin wọn lè má gba ọwọ́ obìnrin, obìnrin wọn lè má gba ọwọ́ ọkùnrin. Ẹ má na ọwọ́ kí wọ́n tó na tiwọn. Àwa tí à ń kí èèyàn láìfọwọ́ kàn án, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Níbí ni ọkàn rere ti ń ṣubú. Ẹja tó bá ní ìpẹ́ àti lẹ́bẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ, torí náà ẹja àrọ̀ kò bá a mu. Edé kò bá a mu, akàn kò bá a mu, ìgbín kò bá a mu, ẹlẹ́dẹ̀ kò ní ẹjọ́ nínú. Ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n fi edé sí di èèwọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá sì yọ edé kúrò, ìkòkò tí ẹ fi ń sè é látẹ̀yìnwá ṣì mú un di èèwọ̀. Ìyá ìjọ tó fi ọjọ́ méjì se ìkòkò ńlá mẹ́ta máa bínú bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, àwọn àlejò á sì tijú. Ẹ yàgò fún un: èso tí ẹ kò tíì gé, omi inú ọ̀rá tàbí inú ìgò, bisikíìtì tó ní àmì kọ́ṣà lára (àmì pé ó bá òfin oúnjẹ wọn mu) tí wọn kò tíì tú, àwo bébà àti ife bébà. Kí ẹ tú u níwájú wọn.

Ẹ̀kọ́ ìwé mímọ́ ni kí ẹ fi ṣe ìjókòó náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni gígùn. Ènìyàn 8 sí 12 tó, ìṣẹ́jú 90 sì tó. Ẹ pín wọn sí méjì-méjì, Júù kan, Kristẹni kan, lórí ẹsẹ tí kò ju 15 lọ, kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú 25, kí gbogbo wọn tó padà jókòó pọ̀. Ẹ má fi Aísáyà 53 bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Kristẹni á ti sọ ọ́ di ẹ̀rí, Júù á ti di agbẹjọ́rò. Jónà ló dára: ẹsẹ 48 ni gbogbo ìwé náà, ní ọ̀sán Ọjọ́ Ètùtù ni wọ́n ń kà á nínú sínágọ́gù, àwọn Kristẹni sì mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí Júù sọ ìdí tí wọ́n fi ń kà á lọ́jọ́ ààwẹ̀, kí ẹ tó sọ ti ọjọ́ mẹ́ta inú ẹja. Bó bá kan orúkọ Ọlọ́run, “Olúwa” ni kí ẹ pè, bí Bíbélì Yorùbá ṣe ń kọ ọ́. Fátíkàn fúnra ẹ̀ ní 2008 ní kí wọ́n má lo Yáwè nínú orin àti àdúrà ìjọ mọ́.

Ẹ má ṣe Ìrékọjá wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé ìjọ púpọ̀ ń ṣe é, pẹ̀lú fèrè ìwo àgbò àti aṣọ àdúrà. Oúnjẹ alẹ́ Ìrékọjá tí à ń rí lónìí, lẹ́yìn tí Tẹ́ḿpìlì wó ní ọdún 70 ni àwọn rábì tò ó, kì í ṣe ohun tí Jésù jẹ gẹ́lẹ́. Ìgbà Ìrékọjá sì ni ìgbà tí wọ́n ń pa Júù ní Yúróòpù, pẹ̀lú irọ́ pé wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ Kristẹni ṣe oúnjẹ. Bí Júù bá pè yín wá sí tirẹ̀, ẹ lọ, ẹ jókòó, ẹ jẹun.

Láti oṣù Kẹwàá 2023 tí Hamas kọlu Ísírẹ́lì, tí ogun Gásà sì tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ìpàdé báyìí ti dá dúró tàbí ti di kíkan. Àwọn onímọ̀ Júù kọ lẹ́tà sí Póòpù Francis, ó dá wọn lóhùn ní oṣù Kejì 2024. Níbi tí ìpàdé ti ń bá a lọ, ohun tó gbà á là ni pé wọ́n ti mọ ara wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjókòó àkọ́kọ́ pẹ̀lú òṣèlú. Ẹ má sì ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ó ku àwọn JP wa, àwọn tó ń rin ìrìn àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dọọdún, Ògiri Ìwọ̀ Oòrùn sì ni ibi tí wọ́n ti ń pàdé Júù lójúkorojú. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ bo orí. Fìlà bébà wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Apá ọkùnrin àti apá obìnrin yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí fóònù má jáde lápò rárá, kí ẹ má kọ nǹkankan síbẹ̀. Ẹ má pín ìwé ìwàásù, ẹ má fọn fèrè. Ìwé kékeré tí ẹ bá fi sí àlàfo òkúta, ẹ ti kọ ọ́ nílé ìtura, ẹ ká a kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń kó gbogbo wọn jáde, ṣáájú Ìrékọjá àti ṣáájú Ọdún Tuntun wọn, tí wọ́n sì ń lọ sin wọ́n sí Òkè Ólífì láìkà wọ́n. Èyí tí John Paul Kejì fi síbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2000 ni wọn kò sin. Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí Násì pa, ni wọ́n gbé e lọ. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ohun tí wọ́n ti fi ojú àwọn ọmọ Rẹ̀ wọ̀nyí rí, ó fọwọ́ sí i, orúkọ tó sì fi pè wọ́n ní ìparí ìwé náà ni ènìyàn Májẹ̀mú.